Èéfín Aláwọ̀ Aró Lẹ́yìn Ṣogerí

Kùrukùru ṣì bo títì nígbà tí Alálàá jókòó síwájú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ń wo ibi tí ayé parí sí. Ayé kò jìnnà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ògiri ilé kejì ló parí sí, níbi tí funfun ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Lọ́kàn Alálàá, òkun ló wà lẹ́yìn funfun yẹn. Bí ọkọ̀ bá ṣí, inú òkun náà ni yóò gbà lọ, tòun ti àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń tòògbé lórí ìjókòó, omi yóò ga dé fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò sì ní rì.

"Alálàá!" Ohùn ìyá rẹ̀ ló wá láti inú ilé. "Ṣé o ti wo géèjì?"

"Mo ti wò ó, mà."

"Kí ló sọ?"

"Ọ́ìlì dín díẹ̀. Mo ti bu ife kan àti ààbọ̀ sí i."

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni òtítọ́. Ó bu ú sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n géèjì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì, kò fọwọ́ kàn án. Ó ti tó oṣù méjì tó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ku ọdún kan péré kó parí ilé-ìwé girama. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Alálàá, torí pé kò dìgbà tó bá sùn kó tó lálàá. Bí olùkọ́ bá pè é lẹ́ẹ̀kan ní kíláàsì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, ó lè mú ọṣẹ bọ̀, kó sì fi ẹ̀rín gbé e kalẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú rárá. Ọkàn rẹ̀ ni kì í gbélé.

Ọkọ̀ tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀sì onídísù ni, tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, ó sì dàgbà ju Alálàá lọ. Màmá ló ni ín, Màmá ló sì ń wà á. Àràárọ̀ ló fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́kàndínlógún àti Tíṣà àgbà kan kọjá òkè lọ sí ilé-ìwé, á sì kó wọn padà lọ́sàn-án. Tíṣà yìí ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tó ń kérora, Tíṣà a ní, "Àkísà lògbà rí, arúgbó ṣoge rí." Àwọn ọmọ mú un lẹ́nu, wọ́n gé e kúrú, ọkọ̀ bá di Ṣogerí.

Ojú Màmá dára fún ọ̀nà jíjìn. Á ti rí ewúrẹ́ tó fẹ́ já sójú títì kí ẹlòmíràn tó rí títì gan-an. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ni kì í rí mọ́: lẹ́tà inú ìwé, ojú abẹ́rẹ́, àti àmì wínníwínní méjì tó wà lára géèjì. Ó ní òun máa ra awò ojú. Ọdún méjì ti kọjá lórí "mo máa rà á" yẹn. Alálàá ló wá ń bá a wo gbogbo ohun tó bá wà nítòsí.

"Ìwọ lojú mi," ni Màmá máa ń wí. "Èmi á máa wo iwájú, ìwọ á máa wo ìdí."

Ó kọ́ ọ dáadáa. Ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó fa géèjì yọ, kí ó fi àkísà nù ún, kí ó tì í bọ ihò rẹ̀ padà, kí ó tún fà á yọ. Ìgbà kejì yẹn ni òótọ́. Bí ọ́ìlì bá wà láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, ó dára. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ìsàlẹ̀, kí ó bu díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Alálàá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló wá wá àkísà tì, aṣọ ilé-ìwé funfun sì wà lọ́rùn rẹ̀, kò fẹ́ kí ọ́ìlì ta sí i. Ó ronú díẹ̀. Ó bu ife kan sínú ẹ́ńjìnnì, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ó dín díẹ̀, mo bu ife kan," ó lọ jókòó síwájú, ó ń wo kùrukùru. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, àkísà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru náà wà níbẹ̀, ó sì dára ju àkísà lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé arúgbó ni Ṣogerí, ta ló ti rí arúgbó tó kọ oúnjẹ? Báyìí ni ife kan di ojoojúmọ́.

Kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni Alálàá máa ń jókòó sí bí àwọn ọmọ bá ti wọlé tán, torí náà òun ló kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe èéfín dúdú tí ọkọ̀ onídísù máa ń tu bó bá ń gun òkè. Aláwọ̀ aró ni, aró tí wọ́n ti fi omi là. Oòrùn àárọ̀ á là á kọjá, á máa ká, á máa tú, á rọra bo títì lẹ́yìn wọn títí tí ilé á fi dà bí ohun tí ènìyàn rántí lójú oorun. Alálàá á gbé imú lé gíláàsì, á gbàgbé pé ilé-ìwé ni òun ń lọ. Inú rẹ̀ dùn sí èéfín náà. Kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Inú Màmá kò dùn. Ó rí i nínú dígí ẹ̀gbẹ́, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

"Èéfín aró," ló wí fún Tíṣà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ́ìlì ló ń jó. Ó ti ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi."

Alálàá gbọ́, ó sì rò ó. Ó ń mu ọ́ìlì? A jẹ́ pé ó dára tí òun ń bu sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ó fi ìdajì ife lé e, pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Bí èéfín ṣe ń pọ̀ sí i ló ń bu sí i, bó ṣe ń bu sí i ni èéfín ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí oṣù kejì pé, Màmá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá àgbàlagbà kan ni, Ọ̀gá Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí pé "fara balẹ̀" ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Abẹ́ páànù ló ti ń ṣiṣẹ́. Sípánà rẹ̀ tò sára ògiri láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì mọ́ ju ilé ìdáná ẹlòmíràn lọ.

Kò sáré tú nǹkan kan. Ó tẹ́ páálí tuntun sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Màmá tan ọkọ̀, ó sì jókòó sórí táyà kan, ó káwọ́ gbera, bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fa páálí náà jáde. Kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan lórí rẹ̀.

"Kò jò síta," ló wí. "A jẹ́ pé inú ló ń gbà lọ."

Ó ti ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, ìka náà dúdú, ó sì tutù fún ọ́ìlì. Ó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ó tún jókòó, ó ní kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ó fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ọ́ìlì fi ìka méjì kọjá àmì òkè, ìfófòó sì wà lórí rẹ̀.

"Ìyá Alálàá, ta ló ń bu ọ́ìlì sí ọkọ̀ yìí?"

"Ọmọ mi ni. Àràárọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ọ̀hún rè é."

Ọ̀gá Farabalẹ̀ nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Alálàá ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dára o," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Lọ́jọ́ Ajé, ó dín díẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dín díẹ̀. Odindi oṣù méjì, ó dín díẹ̀. Èmi ò tíì rí ẹ́ńjìnnì tó níwà déédéé báyìí. Ènìyàn gan-an ní ọjọ́ tí ebi ń pa á jù."

Màmá gbé orí sókè. "Ọ̀gá, ọmọ mi kì í purọ́ fún mi. Ó lè gbàgbé, ó lè sùn lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló wúwo láàárọ̀ òní."

Alálàá gbọ́ ọ. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

Ọ̀gá kò bá wọn jiyàn. Ó tú àwọn nọ́súlù mẹ́rin tó ń fọ́n epo dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ó de nǹkan kan tó dà bí aago, tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Màmá máa yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ aago náà ń fò sókè. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú kan náà.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀dọ́ ló wà nínú arúgbó yìí," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ò sá jáde níbì kankan. Àwọn ríìngì tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì ṣì mú ṣinṣin. Bó bá jẹ́ pé ó ń mu ọ́ìlì lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé yìí ṣe sọ, á jẹ́ pé orí ẹ́ńjìnnì ni, àwọn rọ́bà kéékèèké tó wà níbẹ̀. Ká ṣí i ká tó mọ̀."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, agbára mi ò ká ṣíṣí. Ẹni tó ń ra irin àlòkù máa wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú kejì ń wá awakọ̀, wọ́n ti pè mí. Òpin oṣù ni n ó máa wálé. Alálàá á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Alálàá máa gbọ́ rèé. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wo ọkọ̀.

"Ẹ fara balẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Àìsàn tí a ò tíì wọ̀n, a kì í gbẹ́lẹ̀ fún un. N ó fa ọ́ìlì yìí dà nù, n ó rọ tuntun sí i dé àmì òkè gẹ́lẹ́, n ó fi téèpù dí ẹnu ibi tí ẹ ń gbà bù ú. Kí ẹnikẹ́ni má bu ẹ̀kán kan sí i. Ẹ máa wà á lọ síbi iṣẹ́ yín, kí ọmọ yìí máa ka géèjì láràárọ̀. Títí ọjọ́ Ẹtì, a ó mọ̀ bóyá ó ń mu ún."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ́ńjìnnì onídísù tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lè gbà á láti ihò tó fi ń mí, kó máa jó o bí epo. Bó bá bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Á máa ké, á máa sáré sí i, títí á fi fọ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ tòun ti ọmọ ọlọ́mọ nínú."

Màmá bojú wẹ̀yìn wo àwọn ìjókòó tó ṣófo. Ọ̀gá sì yíjú sí Alálàá. "Ìwọ, gbọ́. Ẹni tó bá ń wọn nǹkan kò gbọdọ̀ bá èsì kankan ṣọ̀rẹ́. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ."

"Mo gbọ́, sà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó mú àkísà, ó fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Àmì òkè gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àmì òkè gẹ́lẹ́. Ó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, kùrukùru ń fẹ́ sí i lára, ó sì mọ ohun tó ṣe pátápátá. Ṣogerí kò mu ọ́ìlì rí. Òun ló ń fi agídí bù ú sí i lẹ́nu, Ṣogerí sì ń tú u jáde láti ẹ̀yìn ní èéfín.

Ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ní ọ́ìlì kò dín, kí ni ìwé oṣù méjì yẹn fẹ́ jẹ́? "Ọmọ mi kì í purọ́ fún mi." Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ níwájú Ọ̀gá yẹn ni kò fẹ́ sọ di irọ́.

"Alálàá, kí ló sọ?"

"Ó ti... ó ti fi ìdajì ìka dín, mà."

Lọ́jọ́rú, ó ní ó ti fi odindi ìka dín. Téèpù Ọ̀gá sì wà lẹ́nu ihò náà bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò tú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn òbí lẹ́nu ọ̀nà wọn pé òpin ọ̀sẹ̀ yìí ni Ṣogerí máa gbẹ̀yìn, kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn. Ọmọbìnrin kékeré kan di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Alálàá ló tú ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí olùkọ́ ìṣirò ń kọ̀wé sójú pátákó, oorun gbé Alálàá lọ. Ó bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, òkun sì yí wọn ká, ṣùgbọ́n omi náà kò mọ́. Ọ́ìlì ni, ó dúdú, ó ń gorí fèrèsé díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ kò sì jí. Màmá ń wakọ̀ lọ pẹ̀lú ojú dídì, ó ń bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ lojú mi, ṣé ọ̀nà ṣì wà níwájú?" Ó fẹ́ dáhùn, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló jí i. Òógùn ti bò ó.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ọmọ tó kẹ́yìn ti sọ̀ kalẹ̀, ìyá àti ọmọ ló kù nínú ọkọ̀. Oòrùn rọ̀ sórí títì. Màmá ń wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan ra sítíárìn bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

"Nǹkan kan ṣe mí láàárọ̀ yìí," ni Màmá wí. "Nígbà tí a ń gun òkè, mo wo dígí, n kò rí èéfín. Láti ọjọ́ Ajé ni n kò ti rí i. Inú mi ti ń dùn, mo ní, ṣé ara rẹ̀ ti yá ni? Mo wá rántí pé o ní ó ti fi ìka kan dín. Ìwọ lo rí géèjì. Èmi ni n kò rí èéfín."

Ó tún wo dígí.

"Mo rò pé ojú ọ̀nà jíjìn náà ti fẹ́ máa lọ, ọmọ mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe níbòmíràn yẹn náà, kò yẹ kí n ṣe é. Kò yẹ kí n tún wakọ̀ mọ́."

Ó yé Alálàá wàyí. Ìyá rẹ̀ rí òótọ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì ti òótọ́ náà dànù, torí pé ọmọ rẹ̀ ló sọ òdìkejì.

"Màmá, ojú yín ò ṣe nǹkan kan." Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sí èéfín. Ohun tẹ́ ẹ rí náà ni. Ọ́ìlì ò dín rárá. Irọ́ ni mo pa."

Màmá kò pariwo. Ó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, síbi tó tẹ́jú, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Alálàá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àkísà tó sọnù dé orí ife kan àti ààbọ̀. Nígbà tó sọ tán, irin gbígbóná ń dún kẹ́, kẹ́, bó ṣe ń tutù.

"Ká dúró kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀," ni Màmá wí. Wọ́n dúró. Alálàá kò mọ iye ìgbà tí wọ́n lò níbẹ̀. "Ó yá, lọ fà á yọ. Kà á fún mi."

Ó lọ, ó nù ún, ó tì í, ó fà á yọ, ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Àmì òkè ni, mà."

Màmá fi ìka kan ọ́ìlì náà, ó fi àtàǹpàkò rà á. "Nígbà tí Ọ̀gá sọ pé ẹ́ńjìnnì lè sáré títí á fi fọ́ tòun ti ọmọ ọlọ́mọ nínú, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"O gbọ́ ọ, o sì tún purọ́ lẹ́yìn rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ti ife ọ́ìlì yẹn, ọmọdé ló ṣe é. Ti ìdajì ìka yẹn ló dùn mí." Màmá ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá koríko, ó kẹ́yìn sí ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó ń ra irin àlòkù dé, Màmá ní kó máa lọ, ọkọ̀ òun kì í ṣe òkú; kò sì lọ gba iṣẹ́ ìlú kejì mọ́. Ọ̀gá Farabalẹ̀ ka géèjì fúnra rẹ̀, ó mi orí. "Àṣejù, baba àṣetẹ́," ló sọ fún Alálàá. "O rò pé o ń fún un lóúnjẹ, o ń fún un lọ́rùn ni." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyà kan ṣoṣo ni Màmá fi jẹ Alálàá. Òbí mọ́kànlá ló ti wá ọkọ̀ mìíràn fún ọmọ wọn. Alálàá ni yóò lọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́kọ̀ọ̀kànlá, yóò kí wọn, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ọkọ̀ wa ò ṣàìsàn. Èmi ni mo purọ́ fún ìyá mi." Màmá bá a lọ, ṣùgbọ́n ìta ló dúró sí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan gbá a mọ́ra.  Ní ẹnu ọ̀nà kẹsàn-án, bàbá ọmọbìnrin kékeré tó di ilẹ̀kùn mú ló jáde. Ó gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó ní, "O ṣeun tó o wá sọ ọ́. Kò rọrùn. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé ọmọ mi padà síbẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Ẹni tó ń wo ìdí rẹ̀ ni."

Alálàá jíṣẹ́ náà fún ìyá rẹ̀ níta bí ó ṣe gbọ́ ọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

"Òótọ́ ló sọ," ni Màmá wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní gbé ọmọ mi síbẹ̀."

Méje padà, mẹ́rin kò padà. Ìjókòó mẹ́rin ṣófo títí sáà ẹ̀kọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ojoojúmọ́ sì ni Alálàá ń rí wọn. Tíṣà àgbà ló wá ń ka géèjì. Àràárọ̀ ni yóò tètè dé, yóò gbé awò ojú sórí imú, yóò tẹ̀ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Alálàá á dúró tì í, á di àkísà mú, á fà á yọ, á nù ún, á tì í, á fà á yọ. Tíṣà ló ń sọ ohun tó rí, ìyẹn ni Màmá sì ń gbà. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà nu awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..." Kò parí rẹ̀. Alálàá ló parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, sà."

Kò dẹ́kun àlá lílá. Ta ló lè gba àlá lọ́wọ́ ẹni tí a bí mọ́ ọn? Ṣùgbọ́n ó ń kọ́kọ́ wo géèjì ná, kó tó wo kùrukùru. Ó ti mọ̀ pé irọ́ kékeré kì í dúró ní kékeré, pé ẹni tó bá fi irọ́ kejì bo ti àkọ́kọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù mìíràn lé ẹlòmíràn lórí ni, àti pé ẹni tó fọkàn tán wa ló máa ń kọ́kọ́ jìyà irọ́ wa, torí pé òun ló máa ń gbà á gbọ́ jù. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí mú lọ: bí wọ́n bá fi nǹkan kan sí yín lọ́wọ́ láti máa wò, ohun tí ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ, bó dùn, bó korò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà náà, òjò ń rọ̀ láàárọ̀. Alálàá ti wo géèjì, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó sì dúró sínú òjò, àkísà lọ́wọ́, ó ń retí Tíṣà. Tíṣà dé pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀, ó ń wá awò ojú nínú àpò, ó ń lọ sí iwájú ọkọ̀.

Màmá yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Tíṣà, ẹ wọlé, ẹ jókòó," ló wí. "Òjò ń pa yín. Ọmọ mi ti wò ó."

Ó sì tan ọkọ̀.